MBA àbí MSc Finance fún ẹnjiníà tó fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ owó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní iṣẹ́ ẹnjiníà ti sú yín lẹ́yìn ọdún 7, ẹ fẹ́ bọ́ sí finance, ẹ ò wá mọ̀ bóyá MBA (másítà nínú ìṣàkóso okòwò) ni àbí MSc Finance (másítà nínú ìmọ̀ owó gan-an). Iṣẹ́ wo gan-an lẹ fẹ́ ṣe ńbẹ̀? Torí finance yẹn, bí ọjà Bódìjà ló rí, kì í ṣe tòmátì nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa jókòó ti Excel, kẹ́ ẹ máa díye lé ilé-iṣẹ́, kẹ́ ẹ mọ bí bọ́ǹdì (owó téèyàn yá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ láti gba èlé) àti ṣíà (ìpín nínú ilé-iṣẹ́) ṣe ń lọ sókè sódò, MSc ló máa kọ́ yín dáadáa. MBA ò jìn tó yẹn, títa ọjà, ìṣàkóso òṣìṣẹ́, ìṣirò owó, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù ú fúnni, àmọ́ àwọn èèyàn tẹ́ ẹ máa bá pàdé ní kíláàsì yẹn ló tó owó tẹ́ ẹ san, pàápàá tẹ́ ẹ bá lọ Lagos Business School (owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré ṣá!). UI náà ń ṣe MBA, ẹ ò ní kó kúrò n'Íbàdàn.

Èmi o, bàọ́lọ́jì ni mo kà, mo wá ṣe MBA. Ìntáfíù àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí depreciation (bí iye ẹ̀rọ àti ohun ìní ṣe ń dín kù) ṣe ń kan cash flow (owó tó ń wọlé, tó ń jáde), sílìn ni mò ń wò. CFA, ìdánwò ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò, ni mo padà lọ kà. Ìpele 3 ló ní, ẹ yá ìwé ti àkọ́kọ́ kà nílé ná kẹ́ ẹ tó sanwó yunifásítì kankan, tóorun bá ń kùn yín nídìí bọ́ǹdì, owó yín ò ṣáà tíì lọ.