₦50,000 ni mo tọ́jú: hẹ́dífóònù wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́. Ìsánlú ni mo ń gbé. Èmi ni mo ń tẹ kíbọọ̀dù fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe míìsì orin lórí láptọ́ọ̀pù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń da onírúurú ohùn pọ̀ kó lè di orin kan. Íápíìsì tó bá fóònù mi wá ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, apá òsì rẹ̀ sì ti kú báyìí. Mo rí hẹ́dífóònù kan ní ìsọ̀ kan ní Lọ́kọ́jà, ₦18,000. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lára páálí rẹ̀, béèsì rẹ̀ sì ń lu àyà kì-kì-kì. Ọ̀rẹ́ mi ní oníwáyà ti di ti àtijọ́, pé kí n ra ti Bluetooth. Bàbá mi ní tiwọn kò fẹ́ gbúròó kíbọọ̀dù mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. ₦50,000 ni gbogbo ohun tí mo tọ́jú. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn

Okun o, àbúrò mi. O kú orin. Bá mi kí Bàbá dáadáa, nítorí àwọn gan-an ló yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó fẹ́ máa tẹ kíbọọ̀dù lóru láì jí ará ilé kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Bluetooth.

Tí o bá tẹ kíbọọ̀dù, ohùn tó gba inú wáyà máa ń dé etí rẹ lójú ẹsẹ̀. Ti Bluetooth ní láti kọ́kọ́ fún ohùn náà pọ̀ kí ó lè kéré, kí ó gba afẹ́fẹ́ kọjá, kí hẹ́dífóònù tó tún tú u sílẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, ìrìn àjò yẹn máa ń gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá sí ìdá kan nínú márùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù kò ní mọ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù náà lè má mọ̀, torí fóònù sábà máa ń dá àwòrán dúró díẹ̀ de ohùn. Ìwọ tí ìka rẹ wà lórí kíbọọ̀dù lo máa mọ̀. Ńṣe ló máa dà bí ẹni tó ń ṣe "Àmín" lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ ti jókòó. Kò ní pẹ́ tí ìka rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de etí, ibẹ̀ ni ìlù orin á ti dàrú.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Nínú hẹ́dífóònù Bluetooth, owó rẹ ló ra bátìrì, òun ló ra ẹ̀rọ tó ń gba ohùn látinú afẹ́fẹ́, òun náà ló ra ámípù kékeré tó ń fún ohùn lágbára àti ibi tí a ti ń ṣáájì rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ṣe sípíkà tí o fẹ́ gbọ́. Ti oníwáyà, sípíkà, wáyà àti ohun tó gbé wọn sórí etí nìkan ni. Bátìrì á sì darúgbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí sípíkà ṣì ń ké ganran. Tí o bá lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, ra ti Bluetooth fún ìrìn àjò. Má fi bẹ̀rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ béèsì tó ń lu àyà. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn yìí ní Kàbà, irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, inú mi sì dùn sí i. Ẹgbẹ́ akọrin kan gbé orin wọn wá kí n ṣe míìsì rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ, béèsì ló ń bo ohùn mọ́lẹ̀, ni mo bá ń fà á sílẹ̀, tí mo ń fà á sílẹ̀, títí ó fi dùn mọ́ mi létí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé orin náà jáde, tí wọ́n fi sí sípíkà ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ró bí ọmọrí ìkòkò. Olórí akọrin fà mí sẹ́yìn, wọ́n bi mí bóyá onígìtá béèsì kò wá sí sítúdíò lọ́jọ́ tí a gbà á sílẹ̀. Onígìtá náà jókòó níwájú wa o! Béèsì tí mo ń yọ kò sí nínú orin rárá, inú hẹ́dífóònù mi ló wà.

Nítorí náà, fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe míìsì, hẹ́dífóònù tó dára ni èyí tí kò fi iyọ̀ tirẹ̀ sí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀. Ó lè má dùn mọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Etí tó ti mọ́ béèsì rẹpẹtẹ á kọ́kọ́ sọ pé ó gbẹ. Fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ti ₦18,000 yẹn ńkọ́? Bí a bá ṣẹ́ ₦18,000 sí owó òyìnbó báyìí, kò tó dọ́là 15. Àwọn hẹ́dífóònù sítúdíò gidi ní iye tí gbogbo ayé mọ̀. Wo Sony MDR-7506, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1991, tí o máa rí lórí àwọn oníṣẹ́ rédíò káàkiri ayé: nǹkan bí dọ́là 100 ni wọ́n ń tà á lókè òkun. Audio-Technica ATH-M20x, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn nínú ẹbí tirẹ̀, máa ń sún mọ́ dọ́là 50 tàbí kó lé díẹ̀. Kò sí oníṣòwò Lọ́kọ́jà tó máa gbé ẹrù dọ́là 100 wá kó wá tà á fún ọ ní 15. Ayédèrú ni. Kì í ṣe gbogbo ọjà ₦18,000 ni kò dára o, àmọ́ èyí tó jí orúkọ olórúkọ lò ti parọ́ kí o tó ṣí páálí. Mo fara mọ́ ọjà olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ju èyíinì lọ.

Wàyí o, ₦50,000 rẹ. Ó ṣòro kó ra hẹ́dífóònù sítúdíò tó ń bo gbogbo etí, tuntun, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ gidi. Ojúlówó ohùn tí owó yẹn lè rà ní tuntun wà nínú íápíìsì oníwáyà, èyí tó ń wọnú ihò etí, irú tí àwọn olórin máa ń ki bọ etí lórí pèpéle. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ará Ṣáínà ti sọ ọjà yẹn di nǹkan mìíràn. Moondrop Chu àti Salnotes Zero tí 7Hz ṣe, nǹkan bí dọ́là 20 ni wọ́n fi gbé wọn jáde, ohùn wọn sì ń dójú ti ọ̀pọ̀ èyí tó wọ́n jù wọ́n lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ohun tí èmi máa rà nìyẹn tí mo bá wà nípò rẹ. Owó rẹ á tó o, á sì ṣẹ́kù fún àwọn nǹkan kéékèèké tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Ó tún bá ọ̀rọ̀ Bàbá mu: ohùn kì í jáde síta, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà kò sì ní rọ́nà wọlé púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Rọ́bà orí rẹ̀ máa ń wá ní títóbi mẹ́ta. Tí èyí tí o fi sí i kò bá dí ihò etí pa, béèsì á jò dànù, o máa ní íápíìsì kò dára. Na ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí, fa òkè etí díẹ̀ sókè, kí o tó tì í wọlé. Gbìyànjú rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí o tó bú ẹnikẹ́ni. Etí òsì àti etí ọ̀tún lè má gba títóbi kan náà.

Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba ohun tó ń wọnú etí rárá. Tí o bá wà lára wọn, wá tòkunbọ̀ hẹ́dífóònù sítúdíò, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí asẹ́, ohùn rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ẹni wà níta gbangba, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o bá ń gbọ́ ni ẹni tó wà nítòsí ń gbọ́. Má jẹ́ kí tìmùtìmù tó ti ń bó lẹ́rù bà ọ́ lára tòkunbọ̀, a lè ra òmíràn rọ́pò. Wáyà ni kí o fọkàn sí. Bí orin bá ṣe ń lọ, rọra máa yí wáyà náà nídìí ẹnu rẹ̀ àti níbi tó ti wọ ara hẹ́dífóònù. Tí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, gbé e kalẹ̀.

Wo iye óòmù tí wọ́n kọ sí i náà, àmì rẹ̀ ni Ω: bó bá ṣe pọ̀ tó ni hẹ́dífóònù sábà máa ń ṣòro gbé tó. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù ń gbé 16 sí 32 láìsí wàhálà, ọ̀pọ̀ èyí tó tó 60 náà kò ní nira jù. Beyerdynamic DT 770 Pro wà ní 32, ó wà ní 80, ó sì wà ní 250. Ojú kan náà ni wọ́n jọ ní, oníṣòwò tòkunbọ̀ lè má mọ ìyàtọ̀. Tí o bá gbé ti 250 lọ sílé, fóònù rẹ á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i, o máa rò pé wọ́n lù ọ́ ní jìbìtì. Ámípù ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Báwo lo ṣe máa dán an wò nínú ìsọ̀? Má lo orin oníṣòwò. Òun ló mọ èyí tó máa ń tà á lọ́jà, ó sì máa ń gbé ohùn sókè, torí ohun tó bá ròkè jù létí èèyàn ni etí máa ń pè ní èyí tó dára jù. Gbé ohùn ẹni tí o mọ̀ dáadáa dání, ohùn ẹgbẹ́ akọrin yín tí o fi fóònù gbà sílẹ̀ pàápàá dára, kí o sì jẹ́ kó wà nílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣé ohùn olórin dúró sáàárín orí rẹ gan-an, tàbí ó fẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé o ń gbọ́ ohùn gángan bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, àbí béèsì ti gbé e mì? Lẹ́yìn náà, fetí sí "s" àti "ṣ". Nínú hẹ́dífóònù tó dára, "sè é" àti "ṣe é" á yàtọ̀ kedere, kò sì ní gún ọ létí bí abẹ́rẹ́. Tí méjèèjì bá jọ ara wọn, fi í sílẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ló ń kọrin.

Owó tó ṣẹ́kù wàyí. Ihò hẹ́dífóònù ara kíbọọ̀dù sábà máa ń jẹ́ ti ńlá, mílímítà 6.35, nígbà tí ẹnu wáyà íápíìsì jẹ́ 3.5. Ra ohun kékeré tó ń so méjèèjì, má ra èyí tó rọ̀ jù. Wáyà íápíìsì kò gùn ju bíi mítà kan àti díẹ̀ lọ, nítorí náà ra wáyà àfikún tí o bá máa jókòó jìnnà sí kíbọọ̀dù. Tí fóònù rẹ bá jẹ́ irú àwọn tuntun tí kò ní ihò íápíìsì, o máa nílò èyí tó ń wọ ojú ṣáájì.

Nǹkan kan tún wà tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn wá bá mi lásán. Wo ẹnu wáyà rẹ: tó bá ní òrùka dúdú méjì, kò ní gbohùngbohùn, ìyẹn máíkì tí a fi ń sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ní. Àwọn ihò kan lára kíbọọ̀dù àti míkísà kò mọ olórùka mẹ́ta. O lè ki wáyà náà bọ̀ ọ́ kí ohùn olórin pòórá, kí ó ku ìró ìlù tó jìnnà bí ẹni wà nínú kànga. Kò bàjẹ́. Fà á jáde díẹ̀, tàbí ra wáyà olórùka méjì.

Nípa etí rẹ fúnra rẹ̀: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré ni fún odidi ọ̀sẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn íápíìsì tó dí etí pa, nítorí o kò ní máa bá jẹnẹrétọ̀ díje. Àmọ́ yọ ọ́ tí o bá gun ọ̀kadà tàbí tí o ń rìn lẹ́bàá títì. O mọ àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ọ̀bájánà bọ̀.

Má sì parí míìsì sínú íápíìsì. Ohun tó wà lápá òsì kì í dé etí ọ̀tún nínú rẹ̀, ó yàtọ̀ sí bí sípíkà ṣe ń ṣe. Fi sí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, fi sí ọkọ̀ ẹnìkan, fi sí fóònù tó ti gbó. Níbi tí ohùn bá ti sọnù, padà lọ síbẹ̀.

Kí o tó ná kọ́bọ̀ ṣá, má sọ íápíìsì tó ti kú lápá òsì yẹn nù. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé wá fún mi, ọ̀pọ̀ jù ni wáyà rẹ̀ kàn já nídìí ẹnu, níbi tí ó ti máa ń tẹ̀. Tí o bá ń bọ̀ ní Kàbà, gbé e dání. A máa gé ẹnu náà kúrò, a ó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ òmíràn mọ́ ọn, ìwọ náà á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ti tuntun tí o fẹ́ rà yìí náà máa já lọ́jọ́ kan.