Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ṣé Kí N Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Àpòlúkù Mi Kù Nígbà Tí Ọmọ Ṣì Wà Lẹ́yìn Mi?

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú wa. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọmọ ọdún 29 ni mí, mo ti bímọ méjì. Èyí àgbà ti pé ọdún mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ pé oṣù 11 lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì ń mu ọmú. Mi ò kéré kí n tó lọ́kọ, ṣùgbọ́n oyún méjèèjì yìí ló sọ mí di bí mo ṣe dà. Lóṣù tó kọjá, orí ń fọ́ mi, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Òṣùwọ̀n wọn kò lè gbé mi, 120 ló dé tó dúró. Nọ́ọ̀sì ní kí n sọdá sí ìsọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, kí wọ́n bá òun wọ̀n mí. Orí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó ni mo gùn, Màmá, gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ló wà lára mi. Kílò 124. Mo ga ní mítà 1.64. Ẹ̀jẹ̀ mi sì ru, 160 lé 100 ni wọ́n kọ sínú káàdì.

Orí ìwé àwọn ọmọ tí mo bá ń máàkì ni mo máa ń sùn sí. Ọkọ mi ní mo máa ń hanrun, mo sì máa ń dákẹ́ lójijì bí ẹni tí kò mí mọ́, kí n tó tún fà á "họ̀ọ̀". Ẹni ọdún 53 ni ìyá mi nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e lọ. Òun náà sanra.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní òun máa san owó iṣẹ́ abẹ tó ń mú ara fọn, kí n lọ ṣe é ní Èkó nínú oṣù kẹjọ tí a bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ó tún mẹ́nu kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti ń rò ó pé màá sọ nílé ọkọ pé kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ méjì ni mo lọ. Ìyá ọkọ mi, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, gbà pé bó ṣe yẹ kí ìyá ọmọ rí nìyẹn, pé ẹni tó bá torí oge gé inú ara rẹ̀ ń dán Ọlọ́run wò. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, kí n lọ máa sáré. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ kú sórí tábìlì dókítà, kí n fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀. Bí n kò bá sì ṣe é, ẹ̀rù ń bà mí kí n má kú bí ìyá mi. Èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Ọmọ Méjì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ kí n tó mú gègé. Ti òṣùwọ̀n kòkó yẹn dùn mí gan-an. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Èkìtì níbí, mo sì mọ̀ pé kò yẹ ká rán aláìsàn lọ sí ìsọ̀ oníṣòwò ká tó mọ bó ṣe wúwo tó. Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bó bá jẹ́ èmi ni mo bí ọ, màá ní kí o ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú oṣù kẹjọ tó ń bọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ní bòńkẹ́lẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń pè é ní ọ̀lẹ kò mọ ohun tó ń sọ. Bí èèyàn bá ti dé ìwọ̀n kan, ara fúnra rẹ̀ ló ń bá a jà. Bí o bá fi oúnjẹ du ara, ara á máa ṣún ohun tó kù jẹ, ebi á sì pọ̀ sí i. Àwọn dókítà máa ń mú gíga èèyàn ní mítà, wọ́n á fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (1.64 lọ́nà 1.64), wọ́n á wá fi èyí tó jáde pín kílò rẹ̀. Tìrẹ jẹ́ nǹkan bíi 46. Láti 1991 ni ìlànà ti wà ní Amẹ́ríkà pé ẹni tó bá tó 40, tàbí tó tó 35 tó sì ní àìsàn tí sísanra ń fà, lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ náà sọ ọ́ kalẹ̀ sí 35, àìsàn wà o, kò sí o. Ìwọ ti kọjá gbogbo rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà níbẹ̀. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ oge.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ihò kéékèèké bíi márùn-ún ni wọ́n máa ń dá sí ikùn, tí wọ́n á ti ẹ̀rọ ayàwòrán àti irinṣẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, wọ́n á gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù, èyí tó kù á rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé yẹn náà ni ohun tó ń pe ebi ti ń wá jù. Wọn kò lè dá a padà mọ́ láé. Nínú irú kejì, wọ́n á ya orí àpòlúkù sọ́tọ̀, kò ní ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀. Má retí pé wàá padà di ọmọge oníkílò 60. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara ni ọ̀pọ̀ ń sọ nù, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn á gbé ọ dé nǹkan bíi 93. Ó tó láti mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Mo jókòó ti ẹni tó ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ṣe é ní 2019, kílò 131 ni nígbà náà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kò tíì ju ọdún méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi gbé ilé rẹ̀. Ife ike kékeré tó máa ń wà lórí ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé ni mo fi ń wọn nǹkan fún un, ife kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa fà á díẹ̀díẹ̀. Omi ẹran tí mo sẹ́, ògì tí kò ki, mílíìkì. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan olómi nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, ẹyin rírọ̀, ẹja tí a rún, mọ́ínmọ́ín. Ó lé ní oṣù méjì kó tó fẹnu kan òkèlè.

O mọ̀ pé àwa ọmọ Èkìtì, gbígbé la ń gbé uyán mì, a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ìyẹn ti parí fún un. Òkèlè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì ní láti rún un títí á fi yọ́. Lọ́jọ́ tó gbàgbé, tó gbé e mì bíi ti tẹ́lẹ̀, ó há a láyà, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ti lọ bì í kó tó lè sọ̀rọ̀. Omi kò sì gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ rìn, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá jẹun tán.

Lóṣù kẹrin, irun rẹ̀ ń bá ìyarun jáde, ó sunkún lọ́jọ́ náà. Irun yẹn hù padà. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni ti ọdún kejì. Ó ti di kílò 96, inú rẹ̀ ń dùn, ara rẹ̀ le, ó bá pa fítámì tó ń lò tì. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí abẹ́rẹ́, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Fítámì B12 ló ti tán lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbé e dìde. Títí ayé ni wàá máa lo B12, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, kálṣíọ̀mù àti fítámì D, wàá sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ san owó iṣẹ́ abẹ, Ọlọ́run á bù kún un. Bi í pé ta ni yóò máa ra fítámì ní ọdún kẹwàá. Má tijú.

Wàyí o, ọ̀já. Àwọn tó ń polówó iṣẹ́ abẹ yìí kì í rántí ìyá ọmọ. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, o kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù tó wúwo. Ọmọ olóṣù 11 ti ń lọ sí kílò mẹ́sàn-án. So ọ̀já rẹ mọ́ra nísinsìnyí kí o wo ibi tó fún ọ sí níwájú, ibẹ̀ gan-an ni ojú iṣẹ́ abẹ máa wà. Ọmọ ọmọ àbúrò mi á na ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Mọ́mì, pọ̀n mí," èmi á gbé e kúrò, á ké títí oorun á fi gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ á kọjú sí ògiri. N kò gbàgbé ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn.

Ìdí nìyẹn tí irọ́ kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ méjì kò fi lè dúró. Wàá padà dé, o kò ní lè pọn ọmọ, ife oògùn ni wàá fi máa mu ògì, wọ́n á gbé uyán síwájú rẹ, o kò ní fọwọ́ kàn án. Kí lo fẹ́ sọ? Ìyá ọkọ tó wà nítòsí yẹn gan-an ni ọwọ́ tó lè bá ọ gbé ọmọ. Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ lọ bá a ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí o kúnlẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ látorí sísanra. Orí ìyá rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ẹni ọdún 53 ni ìyá mi tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ yìí." Fi káàdì tí wọ́n kọ 160 lé 100 sí hàn án. Ní ti dídán Ọlọ́run wò, àìmọye obìnrin ni mo bá dúró nígbà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ wọn jáde, ìyá ọkọ wọn náà ló sì kọ́kọ́ ń jó lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

Ìhanrun rẹ kan mí lóminú ju kílò lọ. Ó jọ pé ọ̀fun rẹ ló ń dí bí o bá ń sùn. Ìyẹn lè mú kí o máa tòògbé lórí ìwé ọmọ, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó máa fún ọ ní oògùn oorun nígbà iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ibẹ̀ ni ewu ti lè yọjú. Ní kí ọkọ rẹ fi fóònù gba ohùn rẹ sílẹ̀ lóru, kí dókítà gbọ́ ọ.

O bi mí nípa ikú. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é déédéé, tí irinṣẹ́ pé, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ló ń bá a lọ. Ohun tó ń fà á ni ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ tó wá rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú, tàbí ojú ibi tí wọ́n rán tó ń jò. Bó bá ń jò, àyà á máa sáré, ibà á dé, inú á máa dunni. Nítorí náà, má wọ ọkọ̀ Èkó sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kẹta, wá ilé ìbátan tí o lè gbé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí o tó fọwọ́ síwèé, bi oníṣẹ́ abẹ náà pé mélòó ló ti ṣe, mélòó ló jò nínú rẹ̀, ta ló máa gbé fóònù bí o bá pè ní aago méjì òru. Bí ojú rẹ̀ bá le nítorí ìbéèrè yìí, dìde kí o máa lọ.

Abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí ńlá tó jáde ní 2021 lórí semaglutide, ọ̀kan nínú irú oògùn abẹ́rẹ́ yìí, bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ara ló lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń padà wá. Kò sì yẹ aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Máa bá dókítà sọ ọ́ lẹ́yìn tí o bá já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fún ọ. Ọmọ á ti kúrò lẹ́nu ọmú, á ti máa rìn, á lè gun àga wá sórí itan rẹ láìjẹ́ pé o gbé e. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, má lóyún fún ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Bí ara bá ti ń fọn, oyún máa ń tètè dúró ju bí èèyàn ṣe rò. Bó bá sì jẹ́ irú kejì yẹn, tí wọ́n ń so àpòlúkù mọ́ ìfun, ni wọ́n ṣe, oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí èèyàn lóyún lè má ràn ọ́ mọ́, gba èyí tí wọ́n ń fi sí apá tàbí sí ilé ọmọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kò dúró de ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ, wọ ọkọ̀ Adó, kò gbà ju wákàtí kan lọ, kí o lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Sọ fún wọn pé o ń fọ́mọ lọ́mú kí wọ́n tó kọ oògùn. Ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ àti kíndìnrín rẹ wò. Bí wọ́n bá ní òṣùwọ̀n kò lè gbé ọ, má bá ẹnikẹ́ni lọ sí ìsọ̀ kòkó mọ́. Ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fi ẹsẹ̀ kan tẹ ọ̀kan, fi èkejì tẹ èkejì, kí wọ́n ro méjèèjì pọ̀.