Ẹ Bi Mí Ní Ti Bọ́ọ̀lù: Stoichkov Mọ Bọ́ọ̀lù Gbá, Ṣé Ó Mọ̀ Ọ́n Kọ́?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Látìgbà tí mo ti mẹ́nu kan Rashidi Yẹkínì àti góòlù tó gbá sáwọ̀n Bulgaria, lẹ́tà lórí Stoichkov, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù Bulgaria nígbà náà, kò dáwọ́ dúró. Mẹ́ta ni mo mú nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí n dá ẹjọ́ Messi àti Ronaldo, ẹ ṣe sùúrù, ìjà yẹn ò ní í parí láyé yìí.

*Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mò ń gbé, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Mo kéré lọ́dún 1994, àmọ́ mo rántí òru tí a gbá Bulgaria. Ilé aládùúgbò wa tó ní jẹnẹrétọ̀ la kóra jọ sí. Bàbá mi ò mọ orúkọ ẹlòmíì nínú àwọn aláwọ̀ funfun yẹn àfi Stoichkov. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án lẹ́sẹ̀ báyìí, wọ́n á ké pé, "Ẹ mú un! Ẹ má jẹ̀ẹ́ ó yíjú!" Mo gbọ́ pé ó padà di kóòṣì. Ṣé ó ṣe é re?*

Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ kú iná. Ojú bàbá yín là sí bọ́ọ̀lù, ẹni tó yẹ kí wọ́n mú ni wọ́n ní kí wọ́n mú.

Ìlú Plovdiv ní Bulgaria ni wọ́n ti bí Hristo Stoichkov, ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1966. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, ìbínú rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí òkìkí tó dé. Kò ju ọmọ ọdún 19 lọ ní ẹgbẹ́ CSKA Sofia nígbà tí àwọn àti Levski, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń figagbága, gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Bulgaria lọ́dún 1985. Bọ́ọ̀lù di ìjà, ìjà di ọ̀rọ̀ ìjọba. Wọ́n tú ẹgbẹ́ méjèèjì ká, wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọ́n sì ní Stoichkov àti àwọn mélòó kan ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí láé. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣàánú, wọ́n dín ìyà náà kù.

Ọdún 1989 ni Barcelona fojú ara wọn rí i. CSKA ko wọn nínú ìdíje Cup Winners' Cup, ti àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn ní Yúróòpù, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Barcelona nà wọ́n nílé, wọ́n nà wọ́n lóko, 4-2 àti 2-1. Góòlù mẹ́ta tí CSKA rí gbá níbẹ̀, Stoichkov nìkan ló gbá gbogbo rẹ̀. Johan Cruyff tó jẹ́ kóòṣì Barcelona kò gbàgbé. Lọ́dún 1990, lẹ́yìn tó ti gbá 38 wọlé ní líìgì Bulgaria ní sáà kan, wọ́n wá mú un. Kò tíì jẹun kánú níbẹ̀ tí wọ́n fi lé e jáde nígbà tí wọ́n ń gbá Real Madrid, ló bá fi bàtà tẹ rẹfirí lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, rẹfirí. Wọ́n dá a dúró fún nǹkan bí oṣù méjì. Síbẹ̀, òun àti Barcelona gba líìgì Sípéènì lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, wọ́n gba ife Yúróòpù lọ́dún 1992, wọ́n sì fi Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù, dá a lọ́lá lọ́dún 1994.

Ti Ife Àgbáyé 1994 yẹn, ẹ̀yin náà rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nàìjíríà nà wọ́n 3-0 ní Dallas, Yẹkínì, Amokachi, Amunike. Ẹ sì rántí pé Bulgaria ti lọ Ife Àgbáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún ṣáájú ọdún yẹn tí wọn ò borí ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n jáde lára wa, wọ́n na Gíríìsì 4-0, wọ́n na Argentina 2-0, wọ́n fi pẹnárítì lé Mẹ́síkò nílé, wọ́n wá ko Jámánì tí ife wà lọ́wọ́ wọn. Jámánì ló kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé. Stoichkov fi fíríkíkì dá a padà, Letchkov fi orí kan èkejì. Ítálì ló dá wọn dúró. Góòlù 6 ni Stoichkov gbá ní Amẹ́ríkà, òun àti Oleg Salenko ọmọ Rọ́ṣíà ni wọ́n jọ ṣáájú.

Ó wá kan ìbéèrè yín gan-an. Rárá, kò ṣe é re.

Ọdún 2004 ni wọ́n gbé ikọ̀ Bulgaria lé e lọ́wọ́. Ta ni ìbá sì sọ pé kí wọ́n má fún un? Àmọ́ wọn ò rí Ife Àgbáyé 2006 lọ, Sweden àti Croatia ló ṣáájú wọn. Ó bá rẹfirí jà, ó bá oníròyìn jà, ó wá kan àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Lọ́dún 2006, Stiliyan Petrov tó jẹ́ balógun ikọ̀ náà ní òun ò gbá mọ́. Petrov kì í ṣe ọmọ àná o, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbá bọ́ọ̀lù ní Celtic kó tó lọ sí Aston Villa lọ́dún yẹn náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ó tó, kí ni ọmọdé tó jókòó sórí bẹ́ńṣì fẹ́ sọ? Oṣù Kẹta 2007, wọ́n ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Albania nílé ara wọn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Inú oṣù yẹn kan náà ni Celta Vigo ní Sípéènì ké sí i pé kó wá yọ àwọn. Celta já wálẹ̀ sí ìpele kejì ní sáà náà, kí ọdún 2007 sì tó parí, òun náà ti kúrò. Ó dé ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, Mamelodi Sundowns ní South Africa. Ó kọ́ Litex Lovech ní Bulgaria. Lọ́dún 2013 ó padà sí CSKA, ilé rẹ̀, kò sì lo oṣù méjì níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n elédè Sípáníìsì ní Amẹ́ríkà ló gbà á lẹ́yìn náà, ó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti wá di owó.

Ẹ wá wo kóòṣì tirẹ̀ ní 1994, Dimitar Penev. Ẹ̀yìn ló ń gbá nígbà ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó lọ Ife Àgbáyé 1966, 1970 àti 1974, kò borí níbì kankan, ẹnikẹ́ni ò sì sọ orúkọ rẹ̀ lójú pópó ní Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ Stoichkov ní CSKA, òun náà ló tún bá a ní ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó ti ń bínú ọmọdé. Lẹ́yìn 3-0 ti Dallas, ikọ̀ tó kún fún alágídí bẹ́ẹ̀ ì bá tú ká. Kò tú. Lójú tèmi, iṣẹ́ kóòṣì Penev kò hàn níbì kankan tó ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àwa Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Stoichkov, òsì nìkan ló ní.

*Ẹ̀gbọ́n, Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Ọmọ ìlú wa kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun padà wálé, a sì fi ṣe kóòṣì. Ó mọ bọ́ọ̀lù lóòótọ́. Àmọ́ bí ọmọ bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, yóò bú u títí kan ìyá tó bí i. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tó dáńtọ́ jù kò wá mọ́. Àwọn àgbà ní kí a fi ojú fo ó, pé òun nìkan ló dé Yúróòpù nínú wa. Kí ni ká ṣe?*

Àbúrò mi, ẹ má lé e, ẹ má sì fi í síbi tó wà.

Mo fi fèrè kọ́rùn kọ́ ọmọ ní pápá iléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú ọkùnrin yìí. Kì í ṣe ìkà. Ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kékeré, kò mọ ìdí tí yóò fi le fún ẹlòmíì. Bọ́ọ̀lù bọ́ lókè, ó gbé e sáyà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìgbà tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rìnlá wá gbé àyà, tí bọ́ọ̀lù ta lọ sí ìta, ó rò pé ọmọ náà fojú di òun ni. Olùkọ́ iléèwé tí kò gbá ju bọ́ọ̀lù àdúgbò lọ lè dúró ti ọmọ náà, kó ní, "Fà sẹ́yìn díẹ̀ bó bá ti kàn ọ́, jẹ́ kí àyà rẹ dẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lẹ́nu ẹni tí kò kọ́ ọ rí.

Nítorí náà, ẹ wá ẹlẹ́jẹ̀ tútù kan ṣe olórí kóòṣì. Kí ti Yúróòpù máa wá lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ láti kọ́ àwọn tó ń gbá iwájú bí wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù sáwọ̀n àti bí wọ́n ṣe ń gbá fíríkíkì. Ẹ fún un lórúkọ oyè tó wù ú, ẹ tẹ orúkọ náà sára jẹ́sì rẹ̀. Ẹni tí yóò sọ fún un kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀yin o, ẹ rán àgbà tó ń dọ̀bálẹ̀ fún, kó sọ ọ́ nínú yàrá, kì í ṣe ní pápá. Ẹ ṣòfin pé ẹni bá bú ìyá ọmọ yóò san owó ìtanràn, òun náà wà nínú rẹ̀. Ti àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, ẹ má fi fóònù pè wọ́n. Ẹ lọ bá àwọn ìyá wọn, àwọn gan-an ni wọ́n bú.

*Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o, ọmọ yín ni mo jẹ́, Tankẹ ní Ìlọrin níbí. Dádì mi ní Stoichkov gbá góòlù kan sáwọ̀n wa ní 1994 tí rẹfirí fagi lé. Bùọ̀dá mi ní irọ́ ni. Ta ló jàre? Àti pé láàárín òun àti Yẹkínì, ta ló ju ta?*

Ọmọ mi, dádì rẹ ló jàre. Fíríkíkì ni. Ó gbá a, ó wọlé, ó ti ń yọ̀. Àmọ́ oríṣi fíríkíkì tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíì kó tó wọlé ni rẹfirí fún wọn. Apá rẹfirí tó wà lókè là ń wò tá a fi ń mọ̀. Stoichkov ò wo apá ẹnikẹ́ni, àwọ̀n ló ń wò. Góòlù ò sí.

Ti èkejì, jẹ́ kí n sọ ohun kan tí yóò dá ìjà sílẹ̀ nílé yín. Góòlù 37 ni Stoichkov gbá fún Bulgaria. Góòlù 37 ni Yẹkínì gbá fún Nàìjíríà. Ìdíje 83 ni Stoichkov fi gbá tirẹ̀, ti Yẹkínì kò tó bẹ́ẹ̀. Ballon d'Or wà nílé ti Plovdiv, a ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì tí a bá Bulgaria pàdé ní Ife Àgbáyé, 1994 àti 1998 ní Paris tí Ikpeba gbá ẹyọ kan, Stoichkov wà ní pápá lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sì fi góòlù kan lọ sílé. Yẹkínì tí wọ́n sin sí Ìrá lọ́dún 2012, nítòsí Ọ̀fà, ìlú Ọya, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbá góòlù fún Nàìjíríà ní Ife Àgbáyé. Èmi ọmọ Kwara ni, ìwọ náà mọ ibi tí mo máa dúró sí.

Sọ fún bùọ̀dá rẹ kó ra mínírà fún dádì.