Èsì: Kí ló ń mú kí inú láísósóòmù máa kan bí ásíìdì?

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ kò mọ ohun tó ń mú kí inú láísósóòmù (àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń tú ìdọ̀tí palẹ̀) máa kan, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré sí ni kíkan ń pọ̀ sí) fi ń wà ní nǹkan bí 4.5 sí 5, nígbà tí omi sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká wà ní nǹkan bí 7.2. Purotéènì V-ATPase tó dábùú awọ rẹ̀ ni: ó ń ná ATP (èròjà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára) láti ti pírótọ́ọ̀nù (H⁺, èyí tó ń mú kí nǹkan máa kan) wọlé, bí ẹni ń fa omi kànga sínú táńkì orí òrùlé.

Kìkì bí ATP kò bá tán, tí awọ náà kò sì lu, ni èyí fi ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi oògùn bafilomycin dí V-ATPase, pírótọ́ọ̀nù á máa jò jáde, kíkan náà á sì dínkù.

Ẹ má fòyà nípa ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń tú ìdọ̀tí palẹ̀ nínú láísósóòmù) tó bá jò síta: ibi tó ń kan bí ásíìdì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, omi sẹ́ẹ̀lì kò sì rí bẹ́ẹ̀.