Ìwé ẹ̀rí "orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà": ẹ má sanwó fún un

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, mo sì fẹ́ máa kó o lọ sí Yúróòpù. Ọkùnrin kan sọ fún mi pé Ṣáínà ti yọwọ́ nínú àǹfààní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, pé Nàìjíríà ló bọ́ sí àyè rẹ̀. Ó ní òun á bá mi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn ò sì ní yẹ ẹrù mi wò mọ́. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, Ìyá. Bí ẹ bá ti san án, ẹ tètè lọ gba owó yín padà. Ìwé bẹ́ẹ̀ ò sí. Ẹnì kan kọ́ ló ti bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ń dùn mí pé owó ọjà àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi irọ́ yìí kó lọ.

Ó kéré tán, láti 2019 ni Amẹ́ríkà ti ń fapá jánú pé Ṣáínà ti lówó ju ẹni tí à ń ṣàánú lọ. Nínú oṣù kẹsàn-án 2025, Ṣáínà ní òun ò ní béèrè ìdẹ̀ra tuntun tí wọ́n ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà mọ́ nínú ìjíròrò àjọ WTO tó ń rí sí òwò àgbáyé. Kò dá èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀ padà. Àyè wo ló wá ṣófo? Nàìjíríà ti wà nínú àjọ náà láti 1995, ìjọba kọ̀ọ̀kan ló sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń gòkè àgbà.

Ìjọba ló ni ipò yẹn, kì í ṣe oníṣòwò. Ó lè fún ìjọba láyè láti ran àgbẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ju bí àwọn olówó ṣe lè ṣe lọ, tàbí kó fún un ní àkókò díẹ̀ sí i láti tẹ̀ lé òfin. Kò kan àyẹ̀wò ẹrù rárá. Nàìjíríà ṣáà ń gòkè àgbà ní oṣù kẹfà 2015 tí Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí dichlorvos, oògùn tí wọ́n ń dà sínú àpò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ̀wà. 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan ni wọ́n gbà láàyè. Kò sí ìwé tó lè fọ ìyẹn kúrò lára ẹ̀wà.

Owó ibodè tí Yúróòpù ń dín kù fún wa, ètò tiwọn ni. Ẹ̀rí ibi tí ẹrù ti wá ni wọ́n ń béèrè fún un.

Kí ẹ tó ra àpò kan, ẹ lọ bá àwọn NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò kó tó jáde nílùú, ní Moor Plantation, Ìbàdàn, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba irú ẹ̀wà yín wọlé lọ́hùn-ún báyìí. Èmi ò rí ẹrù yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ yẹra fún ẹ̀wà tí ẹ ò mọ ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá tún pè, ẹ ní kó dárúkọ ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.