Èwo ni kí n há sórí fún ìdánwò communication skills?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó ku ọ̀sẹ̀ 3 tí a máa kọ ìdánwò communication skills. Mo ra PDF kan tí ìtumọ̀ 60 wà nínú ẹ̀, wọ́n ní tí mo bá ti há gbogbo ẹ̀ sórí, mo ti yege nìyẹn. Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, ẹ̀rù ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ há nínú ẹ̀ mà?

Ìdáhùn: Má há ìkankan. Ìbéèrè yìí ti sú mi gan-an, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí o, àwọn tó ń ta irú PDF bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ni. Pé o mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó dáa, àmọ́ ẹni tó máa máàkì ẹ ò ní gbóhùn ẹ, kò ní rójú ẹ, ohun tó bá wà lórí ìwé nìkan ló máa rí.

Ìtumọ̀ lásán kì í sábà ní ju máàkì díẹ̀ lọ. Ibi tí máàkì wà ni ibi tí wọ́n ti máa gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú ẹ, bíi kí wọ́n ní mánéjà kan lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àsìkò iṣẹ́ ti yí padà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ò rí i, wọ́n pẹ́ dé, kí ló fà á, báwo lo ṣe máa tún un ṣe? Ẹni tó há nǹkan sórí á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtumọ̀ communication títí ojú ewé á fi kún, kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ẹni tọ́rọ̀ náà yé á sọ pé channel, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dé, ló kù díẹ̀ káàtó, pé feedback, ìyẹn èsì, ò sí, torí kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ṣé ẹ gbọ́, á wá sọ pé kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí kálukú kí wọ́n sì ní kí wọ́n fèsì.

Àwòrán Shannon, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ máa ń yà láti fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹligíráàfù ló wà lọ́kàn ẹ̀ lọ́dún 1948, ìdí nìyẹn tí ọfà inú ẹ̀ fi ń lọ sápá kan, kò sí èsì nínú ẹ̀. Tí o bá mọ ìyẹn, wàá mọ ìgbà tó wúlò àti ìgbà tí kò tó. Mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé PDF ẹ sọ pé ìda 93 nínú ọgọ́rùn-ún communication ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Jọ̀ọ́, má kọ ọ́ o. Ìwádìí Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, lọ́dún 1967 ni iye yẹn ti wá, ó sì dá lórí bí èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnì kan fẹ́ràn òun tàbí kò fẹ́ràn òun, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ayé.

Bó o ṣe máa kà á: ka orí kan, pa ìwé dé, kọ ohun tó o rántí. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, dán irú ẹ̀ wò lọ́dún 2006, àwọn tó ń tún un kà léraléra ló ṣe dáadáa jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ti fi wọ́n sẹ́yìn.

Lẹ́tà náà, máàkì ọ̀fẹ́ ni téèyàn ń sọ nù: nínú Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba, Dear Sir láìsí orúkọ, Yours faithfully ló bá a lọ, tí orúkọ bá wà, Yours sincerely.

Ohun tí olùkọ́ ẹ bá sọ ló borí tèmi o, òun ló máa máàkì ẹ, sílébọ́ọ̀sì sì yàtọ̀ síra, má wá sọ pé èmi ni mo ní kó o kọ ọ́ báyìí. Lọ wá ìbéèrè àtijọ́, gbé aago síwájú, fi bírò kọ ọ́ dé òpin, kó o gbé e fún ẹni tí kò ka kọ́ọ̀sì náà kó sọ ohun tó yé e. Ibi tí kò bá ti yé e, tún ibẹ̀ kọ.