Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Bàálù Ogun Inú Páálí

Látìgbà tí mo ti jẹ́wọ́ níbí pé èmi náà ń kó módẹ́ẹ̀lì bàálù ogun àtijọ́ jọ ni lẹ́tà yín ò ti jẹ́ kí n rímú mí. Àwọn kan ní àgbàlagbà ń ṣeré ọmọdé, ẹ kú ìsọ̀rọ̀ o. Àwọn tó bèèrè ọ̀rọ̀ gidi ni mo máa dá lóhùn lónìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra módẹ́ẹ̀lì Spitfire onírin kan, bàálù ajagun Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 1/72 ni, ìyẹn ni pé bàálù gidi fi ìgbà 72 tóbi jù ú lọ, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ìdúró ẹ̀ pé "Battle of Britain, 1940". Inú mi ń dùn ni, àfi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe wò ó tó bú sẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, pé ìlà dúdú àti funfun tó wà lápá ẹ̀ ò sí ní 1940. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mọ́. Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. — Àbúrò yín tí inú ń bí

Àbúrò, fọkàn balẹ̀ ná. Ọ̀rẹ́ ẹ mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n tán.

Ogun tí wọ́n ń pè ní Battle of Britain, tí bàálù Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì jà lójú ọ̀run, oṣù keje sí oṣù kẹwàá 1940 ni. Ìlà tó wà lára tìẹ, funfun, dúdú, funfun, dúdú, funfun, tó yí apá ká tó sì tún yí ìdí ká, ti D-Day nìyẹn, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wọ ilẹ̀ Faransé ní 1944. Ohun tó fà á ni pé lóṣù keje 1943, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń wọ erékùṣù Sicily, bàálù tó kó sójà Amẹ́ríkà ń kọjá lórí ọkọ̀ ojú omi tiwọn lóru, làwọn tó wà nísàlẹ̀ bá da ìbọn bò wọ́n, wọ́n ṣe bí ọ̀tá ni, bàálù 23 ni wọ́n já lulẹ̀, tiwọn fúnra wọn o! Nígbà tó wá di pé wọ́n fẹ́ wọ ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1944, wọn ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kun ìlà yẹn sára àwọn bàálù ajagun kéékèèké àti àwọn akẹ́rù kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá gbójú sókè á mọ̀ pé ará ilé ni. Wọ́n fi àṣírí bò ó títí ó fi ku bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, ìgbà tí àṣẹ wá dé, àwọn tó ń tọ́jú bàálù nílẹ̀ gbá búrọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n ń kùn ún tìkánjú-tìkánjú. Ẹ wo fọ́tò ìgbà náà, ìlà wọ́, ọ̀dà ṣàn, ibòmíì funfun ti wọnú dúdú. Módẹ́ẹ̀lì tí ìlà ẹ̀ bá wá tọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi lésà gé e, àwọn tó ń kó módẹ́ẹ̀lì jọ máa ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀, èmi fúnra mi, mo fẹ́ràn èyí tó wọ́ díẹ̀.

Ó yẹ kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 18 lára bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan. Mú rúlà. Ní 1/72, ìlà kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ. Tó bá jẹ́ 4 tàbí 9 lo rí, ọlẹ ló ṣe é.

Ó ku fọ́tò ẹ. Mo fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó dáadáa. Ewé fáànù iwájú ẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Spitfire tó jà ní 1940, mẹ́ta ló ní. Nínú fọ́tò kejì tó o ti dojú ẹ̀ délẹ̀, mo rí àpótí rédíétọ̀ méjì lábẹ́ apá, méjèèjì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ti 1940, ńlá kan ló wà lábẹ́ apá ọ̀tún, ti apá òsì jẹ́ nǹkan tín-ín-rín báyìí tó wà fún ọ́ìlì. Tìẹ, Mk IX ni, ìyẹn irú Spitfire kẹsàn-án, ọdún 1942 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wá tú àṣírí tó kù: JE-J. James Edgar Johnson nìyẹn, páílọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń pè ní Johnnie Johnson, ó ti di ọ̀gá tó ń darí ọ̀wọ́ bàálù, wọ́n sì máa ń gba irú wọn láàyè láti kọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sára bàálù. Ní 1940 gan-an, iṣẹ́ abẹ léjìká ni wọ́n ń ṣe fún un, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ogun náà jà.

Nítorí náà bàálù ẹ ò purọ́, ó bá ara ẹ̀ mu látorí dé ìrù, pátákó ìdúró ló ń purọ́. Ó jọ pé pátákó bàálù míì ni wọ́n fi sábẹ́ ẹ̀. Yọ ọ́ dànù, wá èyí tó bá a mu. Ní ti ẹni tó tà á fún ẹ, owó tó gbà fún 1940 tó sì gbé 1944 fún ẹ, ìyẹn wà láàárín òun àti Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojúlówó Mk IX tó dára ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, mi ò bá ẹ kẹ́dùn. Ìgbà míì, má ra "Spitfire". Bi wọ́n pé Spitfire ta ni, ọjọ́ wo ló ń fò. Ẹni tí ò bá lè dáhùn, kó máa gbé e lọ.

Ọkọ mi fẹ́ràn bàálù ogun bí nǹkan míì, mo fẹ́ ra ọ̀kan fún un láìjẹ́ kó mọ̀. Mo ń rí 1/72, 1/48, 1/32. Èwo ló tóbi nínú wọn? — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn ni iye ìgbà tí bàálù gidi fi tóbi ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, torí náà nọ́ńbà tó pọ̀ jù ló ní bàálù tó kéré jù, ibẹ̀ ló ń rú èèyàn lójú. Apá Spitfire láti ṣóńṣó kan dé èkejì jẹ́ mítà 11.23. Ní 1/72 ó di sáńtímítà 15.6, ní 1/48 ó di 23.4, ní 1/32 ó di 35. Ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n kó máa lọ jẹ́ pé B-17 ni olólùfẹ́ yín fẹ́ o, bàálù ajubọ́ǹbù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, apá tiẹ̀ fẹ̀ tó mítà 31.6, ní 1/48 ó di sáńtímítà 66, ẹ máa gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ráàyè fún un. Ẹ lọ wọn sẹ́ẹ̀fù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á.

Bí wọ́n ṣe dé orí 72 náà dùn ún gbọ́. Ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 á di ínṣì kan géérégé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé girama gbẹ́ bàálù onígi 500,000 fún wọn ní ìwọ̀n yẹn, ti ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá, kí sójà lè fi kọ́ bí wọ́n á ṣe dá bàálù mọ̀ lókèèrè. Èyí tẹ́ ẹ bá wò láti mítà 10, bí èyí tó wà ní mítà 720 ló rí lójú. Ẹ sọ ìyẹn fáwọn tó ń pè é ní ìṣeré ọmọdé.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ wo ìlà tín-ín-rín tó pín páànù ara ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Tí ìlà yẹn bá fẹ̀ tó mìlímítà kan ní 1/72, ohun tó ń sọ ni pé lára bàálù gidi, àyè tó fẹ̀ ju sáńtímítà 7 lọ wà láàárín páànù méjì, ọmọ ọwọ́ á lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣé ìyẹn á fò? Èyí tí ìlà ẹ̀ bá fẹ́lẹ́ bí irun orí ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí módẹ́ẹ̀lì P-40 kan, bàálù ajagun Amẹ́ríkà, tí ìrù ẹ̀ pupa, wọ́n ní ti àwọn páílọ́ọ̀tì aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Tuskegee ní 1943 ni. Ṣé kí n rà á?

Rárá. Ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn, 332nd, dara pọ̀ mọ́ Fifteenth Air Force, ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó wà ní Ítálì, láàárín ọdún 1944 ni ìrù pupa wọ̀ ọ́, lára P-47, lẹ́yìn náà lára P-51 tó sọ wọ́n di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwọn ẹ̀ka wọn tó ń jẹ́ 99th, tó ti ń fi P-40 jà ní 1943, ìrù tiwọn ò pupa. Ẹni tó kùn ún fẹ́ràn wọn gan-an ṣá, ìfẹ́ ò sì burú.

Ọmọ mi, bàbá mi fi bàálù onírin kékeré mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, wọ́n ti wà kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, inú páálí ni wọ́n wà. Nígbà tí mo ṣí i, apá ọ̀kan ti wú, ó ti tẹ̀, ó là yẹ́lẹyẹ̀lẹ, bí mo ṣe gbé e ni ìrù ẹ̀ rún sí mi lọ́wọ́ bí bisikíìtì. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? — Bàbá àgbà kan

Bàbá, ẹ kú àṣeyẹ o, ẹ kú ẹ̀dùn ọkàn. Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Àìsàn yẹn ti wà lára ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́.

Irin yẹn kì í ṣe irin gidi, sínkì ni, tí wọ́n po mọ́ alumíníọ̀mù díẹ̀. Tí òjé bá lọ kó sínú sínkì yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, ńṣe lá máa jẹ ẹ́ láti inú, díẹ̀díẹ̀, láàárín àwọn hóró irin náà, ooru àti ọ̀rinrin á sì máa tì í lẹ́yìn. Zinc pest ni wọ́n ń pè é. Láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ míì á kó àlòkù irin oríṣiríṣi jọ, wọ́n á yọ́ ọ pọ̀, ibẹ̀ ni òjé ti ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbáyọ ti wà nígbà náà o, ní 1929 ni ilé iṣẹ́ New Jersey Zinc ti gbé Zamak jáde, tí wọ́n fi sínkì tó mọ́ lóló ṣe, lẹ́tà orúkọ ẹ̀ wá látinú orúkọ sínkì, alumíníọ̀mù, magnesium àti kọ́pà lédè Jámánì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ náwó sí i.

Kò sí oògùn fún èyí tó ti rún. Góòmù ò ní dì í mú torí ohun tó fẹ́ dì mọ́ gan-an ti di ìyẹ̀fun. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má lọ ran àwọn yòókù, irọ́ ni, kì í ràn, ohun tó wà nínú kálukú ló ń bá a jà. Ẹ gbé méjì tó kù síbi tó tutù tó sì gbẹ, ẹ má fi tẹ̀ sí nǹkan kan, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì pé. Èyí tó rún yẹn, tó bá jẹ́ tèmi, màá tò ó sínú àwo gíláàsì bó ṣe wà.

Módẹ́ẹ̀lì Messerschmitt 109, bàálù ajagun Jámánì, tí mo rà ò ní àmì swastika nírù. Ṣé ayédèrú ni?

Rárá o. Òfin Jámánì ò gba kí èèyàn máa gbé àmì ẹgbẹ́ Nazi káàkiri, ó fàyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìtàn àti irú wọn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tajà níbẹ̀ ò fẹ́ wàhálà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò pátápátá tàbí kí wọ́n gé e sí méjì nínú sítíkà kí ẹni tó bá fẹ́ so ó pọ̀ fúnra ẹ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀ lófìfo.

Kí ló dé tí módẹ́ẹ̀lì bàálù pupa Richthofen, páílọ́ọ̀tì Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kan fi ní àmì agbélébùú tó gbòòrò lẹ́nu, tí òmíì ní èyí tó tọ́ gbọnrangandan?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nìyí. Méjèèjì lè tọ̀nà. Lóṣù kẹta 1918 làwọn Jámánì pàṣẹ pé kí wọ́n yí agbélébùú àtijọ́ padà sí èyí tó tọ́, kó lè rọrùn láti dá mọ̀ lókèèrè. Ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1918 ni wọ́n pa Richthofen nínú Fokker Dr.I 425/17. Nínú bàálù 80 tó já, 19 péré ló fi bàálù alápá mẹ́ta yẹn já, àwọn yòókù jẹ́ iṣẹ́ Albatros àti irú wọn, àmọ́ ta ló fẹ́ ra Albatros? Dr.I ojúlówó kan ò sì sí láyé mọ́, nínú bí 320 tí wọ́n ṣe. Èyí tẹ́ ẹ bá rí tó ń fò lónìí, wọ́n tún un ṣe ni.

Ẹ̀gbọ́n, gíláàsì orí páílọ́ọ̀tì lára Hurricane mi yọ, mo fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo gíláàsì ti funfun bí kùrukùru. Ẹ gbà mí. — Ọmọ yín

Ha. Káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́. Èéfín tó ń jáde látara súpágúlù bó ṣe ń gbẹ ló lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì yẹn, pàápàá tó bá jẹ́ pé o pa á dé. Gbìyànjú kó o fi ọ̀ṣẹ ìfọyín nu ún pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀, rọra, yípo-yípo, ó lè ṣí. Tó bá jẹ́ pé inú ló ti funfun, wàá ní láti yọ ọ́ kúrò ná. Ìgbà míì góòmù funfun táwọn ọmọ ilé ìwé fi ń lẹ pépà ni kó o lò, ó máa ń mọ́ gaara tó bá gbẹ, tó bá sì ṣàn síta wàá fi omi nu ún. Má sì jẹ́ kí góòmù tó ń yọ́ ike débẹ̀, ìyẹn tún burú ju súpágúlù lọ.

Mustang tèmi, inú ló ti funfun, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ṣì wà lórí sẹ́ẹ̀fù. Tí àlejò bá bi mí, mo máa ń ní òtútù ló mú páílọ́ọ̀tì, ó ń mí sí gíláàsì.